Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tí ó ń ta idà Andúril

Ẹ̀yin ará tí ẹ ń ra idà inú ìtàn kọ́ sára ògiri, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fura sí ọkùnrin kan tí ó ń polówó Andúril, idà Aragorn nínú The Lord of the Rings, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní èyí gan-an tí òṣèré lò nínú fíìmù ọdún 2001 ni, àti pé ìwé ẹ̀rí wà lọ́wọ́ òun. Pọ́n-ùn 340 ni mo san. Mo gbà pé ojúkòkòrò tèmi wà nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí ta ni yóò ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní iye yẹn?

Ká ní mo fara balẹ̀ ni, ǹ bá ti rí irọ́ náà nínú ìlà kejì ìpolówó rẹ̀. Andúril kò sí nínú fíìmù ọdún 2001 rárá. Narsil, idà ọba Elendil, baba ńlá Aragorn, ni a rí níbẹ̀, tí ó wà ní odidi lójú ogun Sauron, ọ̀tá ńlá inú ìtàn náà, tí a sì tún rí àfọ́kù rẹ̀ ní Rivendell, ibùgbé àwọn Elf, ẹ̀yà aláìkú inú ìtàn náà. Inú fíìmù kẹta, ti ọdún 2003, ni wọ́n ti tún un rọ, tí ó fi di Andúril, tí Elrond, olórí Rivendell, sì gbé e fún Aragorn. Nínú ìwé tí J. R. R. Tolkien kọ, tí ó jáde láàárín ọdún 1954 sí 1955, ni wọ́n ti tún un rọ kí Aragorn àti àwọn tí wọ́n jọ ń lọ tó kúrò ní Rivendell. Ó jọ pé ọ̀tọ̀ ni èyí tí olùtajà yìí gbọ́, ọ̀tọ̀ ni èyí tí ó wò, ó wá po méjèèjì pọ̀.

Ìwé ẹ̀rí náà tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò dárúkọ Weta Workshop ti New Zealand, níbi tí wọ́n ti ṣe àwọn idà fíìmù náà, ó sì ní àwọn Elf ni ó kọ́kọ́ rọ Narsil. Telchar, alágbẹ̀dẹ aràrá ará Nogrod, ni ó rọ ọ́ ní Sànmánì Kìíní inú ìtàn náà. Ìgbà tí Elendil ṣubú ni idà náà ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, tí Isildur ọmọ rẹ̀ fi àjákù tí ó kù lára èkù gé Òrùka agbára kúrò lọ́wọ́ Sauron. Àtúnrọ ni ti àwọn Elf, lẹ́yìn ohun tí ó lé ní 3,000 ọdún.

Tolkien kọ ọ́ pé ìràwọ̀ méje ni wọ́n fín sára irin náà, láàárín òṣùpá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti oòrùn onítànṣán, èyí tí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán, nítorí oòrùn àti òṣùpá wà nínú orúkọ Narsil fúnra rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí tèmi náà kọ méje. Mo ka ti ara idà lẹ́ẹ̀mẹta: márùn-ún ni.

Nígbà tí mo gbé e sókè, èkù rẹ̀ ń mì. Mo yí kókó irin tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, ó sì tú: irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan bíi pẹ́ńsùlù ni wọ́n jó mọ́ ìdí idà, ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ sì ti lanu. Olùtajà ti búra fún mi pé irin kan ṣoṣo ni láti ṣóńṣó dé èkù. Ẹni tí ó bá fì í pẹ́nrẹ́n, idà lè já fò lu ẹni tí ó dúró nítòsí. Ti ara ògiri kò ní kí idà má jẹ́ irin 420 tí kì í dógùn-ún, ọ̀pọ̀ ẹ̀dà tí wọ́n gba àṣẹ ṣe ni ó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn yẹn kì í pe ara wọn ní idà ogun.

Ohun tí ó jẹ́ kí owó mi gbé ni pé ó ní kí n kúrò lójú òpó tí a ti pàdé, kí n san owó tààrà sí àkáǹtì òun, òun yóò sì yọ pọ́n-ùn 20 fún mi. Wọ́n ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tẹ èkù idà kì í bèèrè ikú tó pa baba òun. Èkù ti wà lọ́wọ́ tèmi, mo bèèrè, ó sì dí ọ̀nà tí mo fi ń bá a sọ̀rọ̀.

Ó ti yí orúkọ padà báyìí, ṣùgbọ́n àwòrán kan náà ni ó ṣì ń lò: idà lórí aṣọ tábìlì pupa tí iná sìgá ti jó ní igun kan. Ẹ fẹ àwòrán náà lójú, kí ẹ ka ìràwọ̀ rẹ̀.