Àwòrán Ogun Fífín fún Ara Ògiri: Ojúlówó, Àtúntẹ̀ Tàbí Ẹ̀dà Òde Òní?

Kí ẹ tó fowó sílẹ̀ lórí àwòrán ogun àtijọ́, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè ọdún tí wọ́n tẹ bébà náà. Kì í ṣe ọdún tí wọ́n ja ogun yẹn, kì í sì í ṣe ọdún tí ayàwòrán fín in. Ọdún tí tàdáwà kan bébà gan-an ni kí ẹ béèrè, torí oríṣi mẹ́ta ló wà lọ́jà, wọ́n sì jọra púpọ̀ tí wọ́n bá ti wọ inú férémù.

Ojúlówó ni èyí tí wọ́n tẹ̀ láyé ìgbà tí wọ́n fín in. Àtúntẹ̀ wá látara àwo bàbà kan náà (ìyẹn bàbà pẹlẹbẹ tí wọ́n fín àwòrán sí, kí wọ́n tó fi tàdáwà sí i, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà), àmọ́ ó lè jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá kí wọ́n tó tún fi tàdáwà sí i. Ẹ̀dà òde òní jẹ́ fọ́tò ojúlówó tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde. Kò sí èyí tó burú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tó máa ń dùn mí ni kí wọ́n ta ẹ̀kẹta ní owó àkọ́kọ́.

Ẹ mú awò tó ń sọ kékeré di ńlá dání. Lára ẹ̀dà, ìlà dúdú sábà máa ń fọ́ sí àmì kéékèèké bí èèrà tó tò. Lára ojúlówó, ìlà á dúró gedegbe. Bó bá jẹ́ àwo bàbà ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, etí àwo náà á ti wọ bébà lára yí àwòrán ká, torí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ wúwo. Ẹ má gbára lé ìyẹn nìkan o: àwọn kan ń tẹ irú ojú bẹ́ẹ̀ sára ẹ̀dà.

Ní ti àtúntẹ̀, ẹ wo ti Goya, ayàwòrán ará Sípéènì. Àwo 82 ló fín nípa ogun tí Sípéènì bá Faransé jà láti 1808 sí 1814, àti ìyàn tó mú nígbà ogun náà. Ó kú ní 1828. Ọdún 1863 ni wọ́n tó tẹ 80 nínú wọn fún aráyé. Wọ́n sì ń tún wọn tẹ̀ títí di 1937. Àwo bàbà máa ń gbó, nítorí náà òjìji rírọ̀ tó wà lẹ́yìn àwọn èèyàn rẹ̀ á máa ṣá bí ìtẹ̀ ti ń pọ̀ sí i. Bí ẹ bá fẹ́ àtúntẹ̀, ẹ béèrè pé ìtẹ̀ ìkelòó ni.

Ti ayàwòrán Jacques Callot lórí ìyà tí ogun ń fà, tó jáde ní 1633, ya ọ̀pọ̀ olùrà lẹ́nu. Àwòrán 18 ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 8 ní gíga àti 19 ní fífẹ̀ lọ. Igi tí wọ́n so ọ̀pọ̀ ọmọ ogun kọ́ wà nínú ìwọ̀nba àyè yẹn! Ẹ̀dà ṣeé sọ di ńlá, àmọ́ ìlà rẹ̀ á ki, ẹwà rẹ̀ á lọ. Ibi tí èèyàn lè sún mọ́ ni kí ẹ gbé e kọ́, kì í ṣe òkè àga pálọ̀.

Lójú tèmi, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kó ra ojú ìwé ìròyìn àtijọ́. Illustrated London News ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní 1842, Harper's Weekly ti Amẹ́ríkà ní 1857. Àwọn méjèèjì ní ayàwòrán lójú ogun. Àwọn tó ń gbẹ́ igi nílé iṣẹ́ ló ń fín ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sára igi líle. Igi yẹn kì í fẹ̀, torí náà wọ́n ń so ègé kéékèèké pọ̀, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì ń pín in gbẹ́. Nígbà míì ẹ máa rí ìlà funfun tín-ín-rín níbi tí ègé méjì ti pàdé. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí i, torí ọwọ́ èèyàn ni mo rí yẹn. Púpọ̀ ni wọ́n tẹ̀, nítorí náà ojúlówó rẹ̀ kì í wọ́n bíi ti àwo bàbà. Àléébù rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn lè hàn síwájú, èyí tó gba ojú ìwé méjì sì máa ń ní ojú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po láàárín. Bó bá ní àwọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé lẹ́yìn ni wọ́n kùn ún.

Ojúlówó kò fẹ́ oòrùn rárá. Ẹ lo páálí tí kò ní ásíìdì, ẹ má jẹ́ kí bébà kan gíláàsì, ẹ má sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ẹ̀dà ni kó lọ sí ẹ̀bá fèrèsé. Bó bá ṣá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Winslow Homer, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, tó jáde nínú Harper's Weekly ní November 1862, nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà: sójà kan lórí igi, tó na ìbọn. Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, ó ṣeé gbé kọ́ síbi tí àlejò ti ń jókòó. Àmọ́ Homer fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú lẹ́tà lọ́dún 1896 pé irú ìbọn yíyìn bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí ìpànìyàn lójú òun. Ẹni tí ìbọn náà dojú kọ kò sí nínú àwòrán.