Líídà Seaguar Blue Label fún ìdẹ tó wúwo: ibi tó ti dára, ibi tí kò ti yẹ, àti kókó okùn tó bá a mu

Ẹni tó ń fi okùn brédì (okùn híhun) ju ìdẹ àtọwọ́dá tó wúwo tó 60 sí 120 gíráàmù lè ra líídà yìí, ìyẹn okùn kúkúrú tí a ń so sáàárín brédì àti ìdẹ, tí wọ́n fi fluorocarbon (irú ike kan) ṣe, kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, bí ìdẹ rẹ̀ bá jẹ́ irú tó ń rì: jíìgì (ìdẹ onírin tí a ń fà sókè sódò lábẹ́ omi), ẹja onírin, tàbí ẹja onírọ́bà tó ní òjé lórí. Ẹni tó ń ju pópà, ìdẹ tó ń léfòó tó sì ń dún lójú omi, líídà náílọ́ọ̀nù ni kó rà. Ohun tí wọ́n fi ṣe okùn náà ló fa èyí, kì í ṣe pé wọn kò ṣe é dáadáa.

Kureha ní ilẹ̀ Japan ló ni Seaguar, àwọn ló sì kọ́kọ́ fi fluorocarbon ṣe okùn ìpẹja ní 1971. Fluorocarbon wúwo ju omi lọ: bí a bá fi omi ṣe 1, òun jẹ́ nǹkan bí 1.78, náílọ́ọ̀nù sì jẹ́ nǹkan bí 1.14. Líídà tó ń rì báyìí á máa fa imú pópà wọ omi, pópà náà kò sì ní dún bó ṣe yẹ. Lábẹ́ omi ni ìwúwo rẹ̀ ti wúlò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà á torí pé ẹja kì í tètè rí i, nítorí bó ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ (1.42) kò jìnnà sí ti omi (1.33). Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ní 80 páùn (ìwúwo tí okùn lè gbà kó tó já), okùn náà ti nípọn jù kí a máa torí ìyẹn náwó sí i. Ìdí tó tọ́ láti rà á ni pé àpáta àti ìkarahun kì í tètè ha á, kì í sì í mu omi bíi náílọ́ọ̀nù, tí agbára rẹ̀ máa ń dín kù bó bá ti rin.

Ó le o, ó sì máa ń ká bó ṣe wà lára kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ká a sí láti tà. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì nà án ṣinṣin fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí ẹ tó ta á. Kẹ̀kẹ́ yáàdì 25, tí kò tó mítà 23, á fún yín ní líídà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bí ẹ bá ń gé mítà kan àbọ̀, ṣùgbọ́n márùn-ún péré bí ẹ bá ń gé mítà mẹ́rin. Ẹ mọ gígùn tí ẹ nílò kí ẹ tó rà.

Brédì yín ló máa sọ gígùn náà. Bí brédì bá jẹ́ 20 páùn tí ìdẹ sì jẹ́ 100 gíráàmù, líídà gbọ́dọ̀ wé ara ríìlì (ẹ̀rọ tó ń ká okùn lára ọ̀pá) ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin nígbà tí ìdẹ bá rọ̀ sílẹ̀ ní ipò ìjù, kí agbára ìjù lè wà lórí líídà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, brédì á já, ìdẹ á sì fò lọ bí òkò, ewu ńlá sì nìyẹn fún ẹnikẹ́ni tó bá dúró nítòsí. Àwọn tó ń ju òjé ní etíkun máa ń ka 10 páùn líídà fún gbogbo gíráàmù 28; nípa bẹ́ẹ̀, gíráàmù 112 ń fẹ́ 40 páùn, ó kéré tán. Bí brédì bá ti jẹ́ 60 páùn sókè, òun fúnra rẹ̀ lè gba agbára ìjù. Mítà kan àbọ̀ tó, kí kókó sì wà níta òrùka orí ọ̀pá.

Kókó FG, tó ń so brédì mọ́ líídà, ló bá líídà yìí mu jù. Líídà kì í ká nínú rẹ̀ rárá: brédì ló ń wé e, tó sì ń dì í mú. Ẹ na líídà gbọọrọ, ẹ fi ẹnu brédì wé e lápá ọ̀tún, ẹ wé e lápá òsì, kí yípo kọ̀ọ̀kan fẹ̀gbẹ́ kan ìkejì, títí á fi pé 20. Fluorocarbon le ju náílọ́ọ̀nù lọ, brédì kì í sì í tètè wọ̀ ọ́ lára, nítorí náà ẹ má dín in kù. Ẹ fi kókó kékeré méjì dè é, èyí tó mú líídà àti brédì pọ̀. Ẹ fi itọ́ rin ín, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ fa brédì sí ọ̀tún, líídà sí òsì, pẹ̀lú gbogbo agbára. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ kókó ti ń bàjẹ́. Bí àwọ̀ brédì kò bá tíì ṣókùnkùn, kò tíì wọlé, á sì yọ̀ nígbà ìjù àkọ́kọ́. Bó bá ti ṣókùnkùn, tí èékánná kò sì lè sún yípo kankan, ẹ gé ẹnu líídà kó kù bíi mìlímítà kan, kí ẹ wá fi kókó kékeré mẹ́rin sí mẹ́fà dé e lórí brédì nìkan. Ẹ má jẹ́ kí iná láítà kan brédì, nítorí ní nǹkan bí 145°C ló ti ń yọ́.

Kókó uni méjì tí a fà pọ̀ (okùn kọ̀ọ̀kan ta kókó yí ìkejì ká) rọrùn láti ta, ó sì tó fún 30 páùn. Ní 80, ó tóbi bí ẹ̀wà, á sì máa gbá òrùka ọ̀pá.

Lọ́dọ̀ ìdẹ, ẹ ta kókó olójóbó tí kì í fún, kí ìdẹ lè máa mi: yípo mẹ́rin fún 40 páùn, mẹ́ta fún 50 tàbí 60. Ní 80 páùn, yípo méjì ni, ṣùgbọ́n okùn yìí kì í fẹ́ jókòó dáadáa mọ́. Dípò kókó, ẹ lo ọ̀pá irin kékeré oníhò tí a ń fi ẹ̀mú tẹ̀, èyí tí okùn méjì kún inú rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Àárín rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ fi etí méjèèjì sílẹ̀ kó ṣí díẹ̀, torí etí tí a tẹ̀ máa ń gé okùn. Òrùka tí kò ní ẹnu ni kí ẹ so líídà mọ́, kí òrùka onílọ̀ọ́po, irú èyí tí a fi ń kó kọ́kọ́rọ́, wá so ìyẹn mọ́ ìdẹ. Bí ẹ bá so líídà mọ́ onílọ̀ọ́po tààrà, okùn á yọ́ bọ́ sí ẹnu rẹ̀, ẹnu náà á sì máa rẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ nígbà gbogbo tí ẹ bá jù.

Lẹ́yìn ẹja kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìka méjì ra mítà kan tó sún mọ́ ìdẹ. Ibi tó bá ti ṣe pálapàla ni kí ẹ gé kúrò, kí ẹ tún ojóbó rẹ̀ ta. Bí líídà kúkúrú, ti mítà kan àbọ̀, bá ti kù díẹ̀ kó tó 80 sẹ̀ǹtímítà, ẹ gé e dànù, kí ẹ ta FG tuntun.