Níbo ni wọ́n ti ń yẹ páswọ́ọ̀dù yín wò? Ìfiwéra àwọn dírááfù alágbèéká fún dátà iṣẹ́

Lọ́dún 2017, ẹnì kan he fláàṣì kan ní ìgboro London. Ìwé tó jẹ mọ́ ètò ààbò pápákọ̀ òfuurufú Heathrow ló kún inú rẹ̀, kò sì sí páswọ́ọ̀dù kankan lórí rẹ̀. Ó kàn tì í bọ inú kọ̀ǹpútà ni, gbogbo rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Nígbà tó di ọdún 2018, àjọ tó ń rí sí ààbò dátà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bu owó ìtanràn £120,000 lé ilé-iṣẹ́ pápákọ̀ náà.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, òṣìṣẹ́ kan tó ń bá ìlú Amagasaki ní Japan ṣiṣẹ́ lọ mutí lálẹ́ ọjọ́ kan, ó sì sọ báàgì rẹ̀ nù. Dátà gbogbo olùgbé ìlú náà, nǹkan bí 460,000 èèyàn, ló wà lórí fláàṣì tó wà nínú báàgì yẹn. Àmọ́ wọ́n ti sọ ọ́ di àrokò, ìyẹn ni pé wọ́n yí i padà kí ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ má lè kà á, páswọ́ọ̀dù sì wà lórí rẹ̀, nítorí náà báàgì tó sọnù kò túmọ̀ sí pé àṣírí ti tú. Wọ́n padà rí i. Nǹkan kan ṣì ń dùn mí nínú ìtàn yẹn: níbi tí àwọn aláṣẹ ìlú ti ń ṣàlàyé fún àwọn oníròyìn, wọ́n ní lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàlá ló wà nínú páswọ́ọ̀dù náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe irú ẹ̀ láé. Iye lẹ́tà inú páswọ́ọ̀dù pàápàá jẹ́ àṣírí.

Tí ẹ bá fẹ́ ra dírááfù tó ń sọ dátà di àrokò, AES 256, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ dátà di àrokò, ni ẹ óò rí lára páálí gbogbo wọn. Ẹ má fi ìyẹn yàn. Láti ọdún 2001 ni Amẹ́ríkà ti sọ AES di òṣùwọ̀n, olè kì í sì í gba ibẹ̀ wọlé. Ibi tí wọ́n ti ń yẹ páswọ́ọ̀dù wò ni wọ́n ti ń yàtọ̀ síra.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Páswọ́ọ̀dù yín kọ́ ló ń sọ dátà di àrokò. Kọ́kọ́rọ́ kan wà tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá, tí ojú yín kò ní rí láé. Òun ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Páswọ́ọ̀dù yín kàn ń ṣí àpótí tí wọ́n tọ́jú kọ́kọ́rọ́ yẹn sí ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù ní ìṣẹ́jú kan láìfọwọ́ kan fáìlì tó wà nínú dírááfù. Bí wọ́n bá sì pa kọ́kọ́rọ́ yẹn rẹ́, gbogbo dátà ibẹ̀ ti di pàǹtí lójú ẹsẹ̀. Ohun tó kù ni pé ta ló ń ṣọ́ àpótí náà?

| | Sọ́fítíwíà lórí dírááfù lásán | Chip inú dírááfù, páswọ́ọ̀dù lórí kọ̀ǹpútà | Chip inú dírááfù, bọ́tìnnì nọ́ńbà lára rẹ̀ |
|---|---|---|---|
| Àpẹẹrẹ | BitLocker To Go, VeraCrypt, LUKS (ti Linux) | Kingston IronKey Vault Privacy 50, Samsung T7 | Kingston IronKey Keypad 200, Apricorn Aegis Secure Key, iStorage datAshur PRO2 |
| Kọ̀ǹpútà tó lè ṣí i | Èyí tó ní sọ́fítíwíà náà | Windows àti macOS, lọ́pọ̀ ìgbà | Èyíkéyìí tó ní ihò USB |
| Bí olè bá ń ṣì í tẹ̀ | Kò sí gbèdéke | Ó wà lọ́wọ́ irú tí ẹ rà | Dátà a pa rẹ́ lẹ́yìn iye ìgbà kan |

Sọ́fítíwíà

Bí ẹ bá ti ní dírááfù tó dára nílẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹ ò nílò láti ra nǹkan kan. BitLocker To Go ti wà nínú Windows láti ọdún 2009. Windows Pro tàbí Enterprise ni ẹ óò fi ti dírááfù náà pa, àmọ́ Windows Home lè ṣí i tó bá ní páswọ́ọ̀dù. Mac kò lè dá a ṣí. VeraCrypt, tó jáde lọ́dún 2013 láti ara sọ́fítíwíà àtijọ́ kan tó ń jẹ́ TrueCrypt, ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, macOS àti Linux, ọ̀fẹ́ sì ni; kìkì pé kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ẹlòmíràn kì í sábà gbà kí ẹ fi nǹkan tuntun sórí rẹ̀.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó ń ka iye ìgbà tí olè ṣì í tẹ̀. Yóò ṣe ẹ̀dà dírááfù yín, yóò gbé e sórí ẹ̀rọ alágbára, yóò sì máa dán páswọ́ọ̀dù wò tọ̀sán-tòru láìsí ẹni tó ń dá a dúró. Ìyẹn ni VeraCrypt fi ń kìlọ̀ fún yín bí páswọ́ọ̀dù kò bá tó ogún lẹ́tà. PIN oní-nọ́ńbà mẹ́jọ tó péye fún dírááfù oníbọ́tìnnì kò já mọ́ nǹkan kan níbí. Ẹ lo gbólóhùn gígùn tí ẹ̀yin nìkan lè rántí.

Chip inú dírááfù, páswọ́ọ̀dù lórí kọ̀ǹpútà

Apá yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùrà ti ń ṣìnà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010, SySS, ilé-iṣẹ́ kan ní Jámánì tó ń dán ààbò ẹ̀rọ wò, rí ọ̀nà fọ́ ààbò àwọn fláàṣì kan tí Kingston, SanDisk àti Verbatim ń tà. Àwọn fláàṣì náà ní ìwé-ẹ̀rí FIPS 140-2 (òṣùwọ̀n ìjọba Amẹ́ríkà fún ẹ̀rọ tó ń sọ dátà di àrokò), AES 256 sì wà nínú wọn lóòótọ́. Àmọ́ inú kọ̀ǹpútà ni sọ́fítíwíà wọn ti ń yẹ páswọ́ọ̀dù wò, kì í ṣe inú fláàṣì. Bí ó bá tọ̀nà, sọ́fítíwíà náà á fi àmì ránṣẹ́ sí fláàṣì pé kó ṣílẹ̀kùn, àmì kan náà sì ni fún gbogbo fláàṣì irú bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ àmì yẹn kò nílò páswọ́ọ̀dù ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ̀kọ́ náà kò tíì wọ gbogbo wọn létí. Lọ́dún 2018, Carlo Meijer àti Bernard van Gastel ní yunifásítì Radboud, ní Netherlands, rí i pé nínú àwọn SSD (irú dírááfù tí kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀) kan tí Crucial àti Samsung ṣe, wọ́n lè dé ibi tí dátà wà láìní páswọ́ọ̀dù. Nínú òmíràn, páswọ́ọ̀dù àti kọ́kọ́rọ́ kò so pọ̀ rárá: wọ́n ti àpótí pa, wọ́n wá fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀. Lọ́dún 2019, Microsoft yí BitLocker padà kó má baà máa gbẹ́kẹ̀ lé chip inú dírááfù mọ́, àfi bí ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà bá sọ pé kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ ra irú èyí, irú tó ní ìwé-ẹ̀rí FIPS 140-3 ni kí ẹ wá. FIPS 197 tí ẹ máa ń rí lára páálí kò sọ ju pé wọ́n lo AES bó ṣe yẹ. FIPS 140 ló ń yẹ gbogbo ẹ̀rọ náà wò, Level 3 rẹ̀ sì kan ara dírááfù, kí ó má rọrùn láti tú. Ẹ béèrè nọ́ńbà ìwé-ẹ̀rí náà, kí ẹ sì wò ó fúnra yín lórí àkójọ NIST, àjọ òṣùwọ̀n ìjọba Amẹ́ríkà. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìwé-ẹ̀rí 140-2 tó bá ṣì ń ṣiṣẹ́ yóò kúrò lára èyí tó wà lójú iṣẹ́ ní 21 oṣù kẹsàn-án 2026.

Ní ti àwọn tó ń fi ìka ọwọ́ ṣí, bíi Samsung T7 Touch, páswọ́ọ̀dù ṣì wà lẹ́yìn ìka yẹn. Bí páswọ́ọ̀dù bá rọrùn, ìka kò gbà yín.

Bọ́tìnnì nọ́ńbà lára dírááfù

Èyí ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tó ń gbé dírááfù kiri àwọn kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe tirẹ̀. Ara dírááfù ni ẹ ti ń tẹ PIN kí ẹ tó fi sínú kọ̀ǹpútà. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fi sọ́fítíwíà tó ń jí ohun tí èèyàn ń tẹ̀ pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà yẹn, kò rí nǹkan jí nínú PIN yín. Ẹ kò ní bẹ ẹnikẹ́ni pé kó gbà yín láyè láti fi sọ́fítíwíà kankan síbẹ̀. Tí ẹ bá fà á yọ, ó ti ara rẹ̀ pa.

Àmọ́ bọ́tìnnì nìkan kọ́ ni ààbò. Lọ́dún 2022, SySS yìí kan náà fi hàn pé wọ́n lè mọ PIN Verbatim Keypad Secure nípa dídán gbogbo nọ́ńbà wò, bẹ́ẹ̀ a rò pé gbèdéke wà. Ẹ tún rántí pé lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí i, kòkòrò inú kọ̀ǹpútà lè ka fáìlì bí ẹ̀yin náà ṣe ń kà á, ó sì lè kọ nǹkan sórí rẹ̀. Ẹ ra irú tó ní ipò kíkà-nìkan, kí ẹ sì máa lò ó lórí ẹ̀rọ àjèjì.

Gbèdéke náà ní ìyà tirẹ̀. Stefan Thomas, ọmọ Jámánì tó ń gbé ní San Francisco, fi kọ́kọ́rọ́ bitcoin 7,002 pamọ́ sínú IronKey kan, ó sì sọ ìwé tó kọ páswọ́ọ̀dù rẹ̀ sí nù. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá péré ni IronKey náà gbà fún un. Nígbà tí ìròyìn rẹ̀ jáde lọ́dún 2021, ó ti lo mẹ́jọ. Bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe sí olè náà ló ń ṣe sí onílé.

Fún ọ́fíìsì tó ní òṣìṣẹ́ púpọ̀, nítorí náà, irú tó ní PIN tàbí páswọ́ọ̀dù ọ̀gá yàtọ̀ sí ti òṣìṣẹ́ ni kí ẹ rà. Keypad 200 àti Vault Privacy 50 ní in. BitLocker ń fún yín ní kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà oní-nọ́ńbà 48. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú báàgì tí dírááfù wà. Ẹ sì ra méjì, torí dírááfù tó bá kú pẹ̀lú dátà tó ti di àrokò kì í sábà ṣeé gbà padà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbà á, ẹ má tíì fi fáìlì iṣẹ́ kankan sí i. Ẹ fi fáìlì tí kò ṣe pàtàkì síbẹ̀, kí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣì PIN tẹ̀ títí tí yóò fi ti ara rẹ̀ tàbí pa dátà rẹ́, kí ẹ sì tún un tò padà. Tí kò bá ṣe ohun tí ìwé ìlò rẹ̀ sọ, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.