Kíláàsì ààbò iná mànàmáná ní Yábàá: ó dára, àmọ́ ariwo pọ̀

Olè wáyà la mọ̀ ní Sùúrùlérè, níbi tí mo ti ń tọ́jú tiransifọ́mà. Kíláàsì Sátidé yìí sọ ti olè mìíràn. Olùkọ́ tú ọ̀rọ̀ Ukraine, oṣù Kejìlá 2015, palẹ̀: ímeèlì tó ní fáírọ́ọ̀sì ni àwọn olè orí kọ̀ǹpútà fi wọ kọ̀ǹpútà àwọn iléeṣẹ́ iná ibẹ̀, wọ́n jí páásíwọ́ọ̀dù, wọ́n wá ń pa iná láti ọ̀nà jíjìn lójú àwọn òṣìṣẹ́. Oníbàárà bíi 225,000 bọ́ sókùnkùn. Àwọn òṣìṣẹ́ sáré lọ sí ibùdó iná, wọ́n fọwọ́ tan án padà. Ibẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù! Ṣé àwa náà ṣì mọ bí a ṣe ń fọwọ́ tan tiwa? Àmọ́ a ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ gidi kankan, jẹnẹrétọ̀ wọn sì ń bú bíi kìnnìún. Ẹ lọ o, ṣùgbọ́n iwájú ni kẹ́ ẹ jókòó.