Third party tàbí comprehensive? Ìfiwéra ìnṣọ́ránsì fún ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ oníná ní Nàìjíríà

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Ajah ra ọkọ̀ oníná tòkunbọ̀. Kò tíì lò ó pé oṣù mẹ́rin tó fi fi abẹ́ rẹ̀ gbá òkúta lójú títì tí òjò ti bàjẹ́. Gíláàsì ò fọ́, bọ́ńpà ò yẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́ ọkọ̀ oníná, níbi tí páìpù èéfín máa ń gbà nínú ọkọ̀ epo, ibẹ̀ gan-an ni bátìrì ńlá tẹ́ sí pẹrẹsẹ. Páànù tó bo bátìrì yẹn tẹ̀ wọnú bí agolo mílíìkì tí ẹsẹ̀ tẹ̀. Iná pupa kan yọ lójú dáṣíbọọ̀dù, ọkọ̀ ò lọ mọ́.

Ẹni tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò rán wá dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó ya fọ́tò, ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù, ó wá ní: “Ọ̀gá mi, ṣé ìjàǹbá lèyí ni, àbí bátìrì ló bàjẹ́ fúnra rẹ̀?”

Ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n fi fa ọ̀rọ̀ yẹn. Láti ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ ra ọkọ̀ oníná, tó sì bi mí léèrè ìnṣọ́ránsì tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, ìwé àdéhùn ni mo máa ń ní kó kọ́kọ́ kà, kó tó béèrè iye.

Iye owó

Láti ọjọ́ 1 oṣù Kínní ọdún 2023, NAICOM, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìnṣọ́ránsì, ti fi iye tó kéré jù lélẹ̀ fún gbogbo ilé-iṣẹ́. Third party, ìyẹn èyí tó ń san kìkì ohun tí ọkọ̀ yín bá ṣe fún ẹlòmíràn, kúrò ní ₦5,000 fún ọkọ̀ àdáni, ó di ₦15,000 lọ́dún. Ní ti comprehensive, èyí tó tún ń san fún ọkọ̀ tiyín, owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n kọ pé ọkọ̀ náà tó, kódà lẹ́yìn gbogbo ẹ̀dínwó. Àjọ náà kò ya ọkọ̀ oníná sọ́tọ̀ sí ti epo.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ọkọ̀ yín bá tó ₦30,000,000, comprehensive rẹ̀ kò lè wálẹ̀ ju ₦1,500,000 lọ. Iye yẹn á ra third party fún ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko. Ibi tí ẹ̀rù ti máa ń ba àwọn èèyàn nìyẹn, tí wọ́n á sì sáré lọ bá ẹni tó ní òun lè ṣe é fún wọn ní 2%. Ẹ má bá a lọ. Bí ẹni náà ò bá ti dín iye ọkọ̀ yín kù nínú ìwé, a jẹ́ pé ìwé ayédèrú ló fẹ́ tà. Ìwé tó bá jẹ́ ojúlówó, ẹ máa rí nọ́ńbà ọkọ̀ yín lórí askniid.org, ìkànnì tí wọ́n fi ń yẹ ìwé ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ wò. Kí ẹ tó kúrò níwájú ẹni tó tà á ni kí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Níwọ̀n ìgbà tí ilé-iṣẹ́ kankan kò lè lọ sísàlẹ̀ iye yẹn, ìyàtọ̀ owó láàárín wọn kì í pọ̀ tó bí ẹ ṣe máa rò. Inú ìwé wọn ni ìyàtọ̀ ńlá wà.

| | Third party | Third party pẹ̀lú iná àti olè | Comprehensive |
|---|---|---|---|
| Owó ọdún kan | ₦15,000 | ó ju third party lọ, kò tó comprehensive | ó kéré tán, 5% iye ọkọ̀ |
| Ẹni tí ọkọ̀ yín ṣe léṣe | wọ́n á san | wọ́n á san | wọ́n á san |
| Ohun ìní ẹlòmíràn tí ẹ bàjẹ́ | ó mọ ní ₦3,000,000 | ẹ wo ìwé | ẹ wo ìwé, ẹ lè sanwó kún un |
| Olè gbé ọkọ̀ yín, tàbí ó jóná | rárá | bẹ́ẹ̀ ni | bẹ́ẹ̀ ni |
| Ẹ kọlu nǹkan, ọkọ̀ yín bàjẹ́ | rárá | rárá | bẹ́ẹ̀ ni |
| Àgbàrá wọ bátìrì | rárá | rárá | bí ìkún omi bá wà nínú ìwé |
| Bátìrì kú fúnra rẹ̀ | rárá | rárá | rárá |

Third party

Òfin ló ní kí gbogbo ọkọ̀ tó ń rìn lójú títì ní in, àwọn ọlọ́pàá sì ti ń yẹ̀ ẹ́ wò káàkiri orílẹ̀-èdè láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2025. Torí náà kò sí àríyànjiyàn lórí pé kí ẹ ní in. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni ₦3,000,000 tó wà nínú tábìlì yẹn. Ọ̀pọ̀ máa ń rò pé, “Bí ẹnì kan bá gbá mi, ìnṣọ́ránsì tirẹ̀ ló máa tún ọkọ̀ mi ṣe.” Lórí ọkọ̀ epo àtijọ́, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Lórí ọkọ̀ oníná, bí ọkọ̀ ẹlòmíràn bá gbá yín débi pé bátìrì fara gbá a, tó sì jẹ́ third party lásán lẹni náà ní, ₦3,000,000 ni òpin ohun tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ máa san lórí ọkọ̀ yín. Bátìrì tuntun kọjá ìyẹn. Ìyókù á di ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àti onítọ̀hún.

Èyí tó wà láàárín

Third party pẹ̀lú iná àti olè dáa fún ẹni tó ra ọkọ̀ oníná tó ti gbó, bíi Nissan Leaf àkọ́kọ́, tí bátìrì rẹ̀ kò ní omi tó ń tù ú, tí ooru sì ti ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ò gbówó lórí mọ́, ohun tó sì ṣeé ṣe jù kó ṣe bátìrì rẹ̀ ni kó rẹ̀ ẹ́, èyí tí ìnṣọ́ránsì kankan kò ní san. Ní tèmi, iná àti olè ni kí onítọ̀hún rà, kí ó máa fi owó tó ṣẹ́kù pamọ́ de bátìrì.

Comprehensive, níbi tí iṣẹ́ wà

Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìwé àdéhùn fúnra rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, ẹ má gba ojú ewé kan tí wọ́n kọ iye sí nìkan. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti to ohun tí wọn kò ní san. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìnṣọ́ránsì ọkọ̀, ẹ máa bá gbólóhùn kan níbẹ̀ pé àwọn kò ní sanwó fún ohun tó gbó lára ọkọ̀, tàbí fún ìbàjẹ́ ẹ́ńjìnnì àti ti iná mànàmáná tó ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn tó gbé gbólóhùn yẹn kalẹ̀, ọkọ̀ epo ló wà lọ́kàn wọn, níbi tí iná ti jẹ́ gílóòbù, wáyà àti bátìrì kékeré. Nínú ọkọ̀ oníná, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, iná ni. Gbólóhùn yìí ni wọ́n gbé jáde fún ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín kedere pé bí ìjàǹbá, òkúta, ìjóná tàbí omi bá ba bátìrì jẹ́, ìjàǹbá ni wọ́n máa pè é. Ilé-iṣẹ́ tó bá kọ̀ láti kọ ọ́, tó ń sọ ọ́ lẹ́nu lásán, ẹ fi sílẹ̀, kódà bí owó rẹ̀ bá dín.

Gáráǹtì bátìrì ò lè rọ́pò èyí. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ oníná máa ń fún bátìrì ní gáráǹtì ọdún 8 tàbí 160,000 kìlómítà, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Àbùkù tó wá láti ọwọ́ wọn ni wọ́n ń tún ṣe, òkúta àti àgbàrá ò kàn wọ́n. Tí ó bá wá jẹ́ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, gáráǹtì náà sábà máa ń dúró sí ọ̀hún.

Omi ńkọ́? Wọ́n ń dí bátìrì ọkọ̀ oníná pa dáadáa, ọ̀pọ̀ lára wọn ni wọ́n ti dán wò nínú omi tó jìn tó mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó sùn mọ́jú nínú àgbàrá yàtọ̀, omi iyọ̀ ló sì burú jù. Nígbà tí ìjì Ian gbé omi òkun wọ Florida ní ọdún 2022, àwọn ọkọ̀ oníná kan gbiná lẹ́yìn tí omi ti fà, torí iyọ̀ tó kù nínú bátìrì. Ẹni tó ń gbé ní Lẹ́kì tàbí Ajah, tí ọ̀sà wà lọ́tùn-ún, tí òkun wà lósì, kó má ra comprehensive tí kò ní ìkún omi nínú. Níbi púpọ̀, ńṣe lẹ máa sanwó kún un. Ẹ san án. Bí omi bá sì wọ ọkọ̀ yín, ẹ má fi ṣájà sí i, ẹ má sì gbé e sí abẹ́ ilé títí ẹni tó mọ̀ ọ́n fi máa wò ó.

Ibi tí owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn jù ni iye tí wọ́n kọ fún ọkọ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ọkọ̀ yín tó ₦40,000,000 lọ́jà lónìí, ẹ wá kọ ₦20,000,000 kí owó ọdún lè dín. Ẹ ti jèrè ₦1,000,000 nìyẹn. Bí ìjàǹbá ₦6,000,000 bá wá ṣẹlẹ̀, ilé-iṣẹ́ á ní ìdajì ọkọ̀ lẹ ṣe ìnṣọ́ránsì rẹ̀, ìdajì ìbàjẹ́ náà làwọn á sì san. ₦3,000,000 ti jáde lápò yín. Èèyàn tiẹ̀ lè bọ́ sínú èyí láì purọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, dọ́là kan ò tó ₦500 ní báńkì. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,400. Ẹni tó fi iye àtijọ́ sílẹ̀ nínú ìwé nígbà tó tún san ti ọdún kejì, ó ti wà nínú gbèsè tí kò mọ̀. Bí àsìkò bá tó láti tún un san, iye tí irú ọkọ̀ yín ń lọ lọ́jà lọ́sẹ̀ yẹn ni kí ẹ kọ.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ excess, ìyẹn owó tí ẹ̀yin fúnra yín máa kọ́kọ́ yọ kí ilé-iṣẹ́ tó san ìyókù. Ẹ wo ìwé méjì lórí ọkọ̀ ₦30,000,000 kan náà. Àkọ́kọ́ jẹ́ ₦1,500,000, excess rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún iye ìbàjẹ́. Èkejì jẹ́ ₦1,650,000, kò ní excess. Bí iṣẹ́ bátìrì bá gba ₦8,000,000, ẹni tó mú àkọ́kọ́ á yọ ₦800,000, ẹni tó mú èkejì ò ní yọ kọ́bọ̀. Lórí ọkọ̀ epo, mo lè mú àkọ́kọ́. Lórí ọkọ̀ oníná, èkejì ni mo máa mú láì ronú lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ìbàjẹ́ bátìrì kì í ṣe owó kékeré.

Ẹ béèrè ẹni tó máa tún un ṣe. Àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní mẹkáníìkì tí wọ́n ń lò, ẹni tó sì mọ ẹ́ńjìnnì dunjú lè máà tíì ṣí bátìrì tí iná inú rẹ̀ tó 400 volt rí. Iná yẹn ń pa èèyàn. Ẹ ní kí wọ́n gbà fún yín láti gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́ ọkọ̀ oníná. Ẹ tún béèrè nípa ọkọ̀ tó máa gbé e: ẹ̀yìn ọkọ̀ pẹrẹsẹ ló yẹ kí wọ́n gbé ọkọ̀ oníná sí, torí pé fífà á pẹ̀lú táyà nílẹ̀ lè ba mọ́tò iná jẹ́, iye tí wọ́n sì ń yọ̀ǹda fún gbígbé ọkọ̀ kì í sábà tó èyí.

Bí ẹ ṣe lè dín owó kù láì ṣe ara yín lọ́ṣẹ́

Ẹ lo alágbàtà ìnṣọ́ránsì tó ní ìwé àṣẹ. Ilé-iṣẹ́ ló ń san owó iṣẹ́ rẹ̀, ó sì lè bá yín gba ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Bí iye tí wọ́n pè bá ju 5% lọ, ẹ fi ohun tí yóò jẹ́ kí ó wálẹ̀ hàn wọ́n: tírákà, ọgbà tí ọkọ̀ ń sùn, àwọn ọdún tí ẹ kò béèrè owó kankan rí. Bí ẹ bá fẹ́ san án díẹ̀díẹ̀, ẹ rántí pé láìsí owó, kò sí ìnṣọ́ránsì lábẹ́ òfin wa. Ọjọ́ tí ẹ bá jẹ́ kí ìsan kan fò, ẹ ti wà lórí ara yín.

Ẹ má sì fi iṣẹ́ pamọ́. Bí ẹ bá máa fi ọkọ̀ náà ṣe Uber tàbí Bolt, kódà ní òpin ọ̀sẹ̀ nìkan, ẹ sọ ọ́. Owó rẹ̀ máa pọ̀ sí i, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwé ọkọ̀ àdáni kì í sanwó fún ọkọ̀ tó ń gbé èrò.

Ohun tó gba ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje yẹn ni fọ́tò. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá wo ọkọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sórí jáàkì, ó ya abẹ́ rẹ̀ láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pẹ̀lú déètì. Páànù bátìrì ń dán gbinrin nínú fọ́tò náà. Wọn kò rí ohun tí wọ́n lè sọ mọ́, wọ́n san án, wọ́n yọ excess. Ẹ ya tiyín náà.

Àtẹ̀jíṣẹ́ tí mo máa ń fún àwọn èèyàn láti fi ránṣẹ́ sí alágbàtà tàbí ilé-iṣẹ́ kí wọ́n tó san kọ́bọ̀ nìyí. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mẹ́ta, ó kéré tán, kí ẹ sì fi ìdáhùn wọn pamọ́ pẹ̀lú pátíkúlà ọkọ̀:

“Ẹ ǹlẹ́ o. Ọkọ̀ oníná ni mo fẹ́ ṣe comprehensive rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ sì dá mi lóhùn lórí ìwé: Bí òkúta bá gbá bátìrì lábẹ́ ọkọ̀, ṣé ìjàǹbá lẹ máa kà á sí? Ṣé ìkún omi wà nínú rẹ̀, àbí kí n sanwó kún un? Èló ni excess? Ṣé mo lè gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ọkọ̀ oníná tí mo bá fẹ́? Èló lẹ máa san fún gbígbé ọkọ̀? Ẹ ṣeun.”