Ọ̀kadà, Amọ̀nà àti Ọjọ́ Mẹ́rin ní Igbó Ọ̀yọ́-Ilé

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Tí mo bá ti ṣe iṣẹ́ alẹ́ mẹ́fà tẹ̀léra, wọ́n á fún mi ní ọjọ́ mẹ́rin kí n fi sinmi, oorun ni mo sì sábà máa ń fi gbogbo rẹ̀ sùn. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, mo di ẹrù kékeré kan, mo wọkọ̀, ó di Ìgbẹ́tì. Títí ìyá bàbá mi fi kú ló ń sọ pé Ọ̀yọ́-Ilé la ti ṣí wá, mo sì fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara mi tẹ ilẹ̀ náà. Inú Old Oyo National Park ni ahoro ìlú yẹn wà, igbó ńlá tí ìjọba sọ di páàkì ní 1991. Ọlọ́kadà àti amọ̀nà tí mo gbà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn, torí ọwọ́ àwọn méjèèjì ni adùn ìrìnàjò yẹn wà.

Ọlọ́kadà yẹn kò lè ju ọmọ ọdún 25 lọ. Ó ní kí n san ₦8,000 lójúmọ́, pẹ̀lú epo. A ná an títí, ó gba ₦7,000. Bajaj rẹ̀ ti gbó lójú, ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn ṣì tuntun, ó sì fi okùn di páńpù mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìjókòó. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bá mi sọ ni pé, “Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ má jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín kan sálẹ́ńsà o, á jó yín.” Ẹnu yà mí. Egbò sálẹ́ńsà wà lára èyí tí mo ń wẹ̀ jù níbi iṣẹ́, ọlọ́kadà kan kò sì kìlọ̀ rẹ̀ fún mi rí. Níbi tí yanrìn bá ti jìn, á ní kí n sọ̀, á ti ọ̀kadà kọjá, á dúró dè mí. Mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ ì bá ti rì síbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo bá a wí lé lórí ni pé akoto kan péré ló ní, orí tirẹ̀ ló sì wà. Ẹ mú tiyín dání.

Ẹ̀ṣọ́ páàkì ni amọ̀nà mi, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún; Bàbá ni mo ń pè é. Ibi tí ọ̀nà ti há la gbé ọ̀kadà sí, tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bàbá kì í sọ̀rọ̀ sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi igi tú ìgbẹ́ kan, ó ní, “Ìmàdò ni. Àárọ̀ yìí ló kọjá.” Kò pẹ́ tí mẹ́ta fi sáré gba iwájú wa kọjá, tí ìrù wọn nà ró ṣánṣán. A rí ìjímèrè lórí àpáta, a rí awó tó pọ̀, a sì rí ẹ̀yìn ìgalà kan fìrí. N kò rí erin tàbí kìnnìún, ọkàn mi kò sì fà sí wọn.

Bàtà mi ló já mi kulẹ̀. Ìsọ̀ kan tí n kò ní dárúkọ ló tà á fún mi pé ti orí òkè ni, kò sì tíì pé wákàtí mẹ́ta tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi ṣí. Ọlọ́kadà tú okùn páńpù, ó fi dì í fún mi.

Odi Ọ̀yọ́-Ilé ti wó di òkìtì gígùn tí koríko bò. Ẹni tí kò mọ̀ á gba orí rẹ̀ kọjá lásán ni. Bàbá ní kí n dúró lórí rẹ̀, ó fọwọ́ tọ́ka bó ṣe tẹ̀ wọ inú igbó lọ. Ó ní níbi tí igi oṣè bá ti pọ̀, èèyàn ti gbé ibẹ̀ rí. Àfọ́kù ìkòkò wà nílẹ̀ bí ewé. Mo mú ọ̀kan tí wọ́n fín. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n dá a padà síbi tó wà. Mo dá a padà. Lára àpáta kan, ihò tí wọ́n ti lọ̀ nǹkan ṣì wà. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ nu inú rẹ̀, ó dán bí àwo. Ìyá kan ti kúnlẹ̀ síbẹ̀ kí ogun Ìlọrin tó dé, kí Aláàfin Olúewu tó bógun lọ, kí ìlú tó tú ní nǹkan bí 1835, tí Aláàfin Àtìbà fi sọ Àgọ́-Ọjà di Ọ̀yọ́ òde òní. Mo sunkún. Bàbá kọ ẹ̀yìn sí mi, ó dúró títí mo fi nu ojú, kò bi mí ní nǹkan kan. Ẹ béèrè fún ẹ̀ṣọ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ lọ, torí koríko á bo ọ̀nà nígbà òjò. Ẹ gbé omi lítà mẹ́rin dání lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ẹ má wọ aṣọ aró tàbí dúdú, àwọ̀ yẹn ló ń pe eṣinṣin ìrù (tsetse) tó ń ta ni. Kí ẹ tó gbéra, ẹ bi àwọn ẹ̀ṣọ́ bí ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn. Ní ti ọlọ́kadà mi, ó kọ̀ láti gba owó okùn. Ìgbòho ni mo fẹ́ lọ tẹ̀lé e, láti rí Igbó Ọba níbi tí wọ́n sin àwọn Aláàfin sí. Òun náà ni yóò gbé mi, mo sì ti ra akoto.