Ipò ìgbáyé-gbádùn tàbí ipò ayẹyẹ: èwo ni kí o dù?

Bí ọ̀rọ̀ ìgbé ayé inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ bá ń jẹ ọ́ lọ́kàn, ipò méjì yìí ló ṣeé ṣe kí o máa wò nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Ti ayẹyẹ rọrùn láti fi polongo. Ijó, eré ìdárayá, alẹ́ àríyá: kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí sípíkà bá kú lálẹ́ ọjọ́ kan péré, orúkọ rẹ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ìgbáyé-gbádùn ló le jù. Ẹ̀rọ omi tó ń ro tó-tó-tó mọ́jú nílé ìgbé, gílóòbù tó jó lójú àtẹ̀gùn: ìwọ kọ́ lo ni owó tí wọ́n máa fi tún un ṣe. Lẹ́tà ni wàá máa kọ sí àwọn aláṣẹ, wàá tún padà lọ bi wọ́n, bóyá lẹ́ẹ̀mẹta. Nítorí náà, má ṣèlérí pé omi á máa yọ. Sọ pé wàá kọ gbogbo ẹ̀sùn sílẹ̀, wàá sì máa lẹ èsì mọ́ pátákó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìyẹn wà níkàáwọ́ rẹ.

Ká ní èmi ni, ìgbáyé-gbádùn ni màá dù. Ẹni tí lẹ́tà kíkọ bá ń sú, kó gba ti ayẹyẹ lọ.